Bí Òfin Àkọ́kọ́ Nípa Ìrìn Ṣe Pilẹ̀ṣẹ̀

Òfin tí a kọ́kọ́ máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ipá àti ìrìn sọ pé ohun tó dúró yóò máa dúró, ohun tó ń lọ yóò sì máa lọ lórí ìlà tààrà láì yí eré padà, àfi bí ipá kan bá ti ìta wá bá a. Akẹ́kọ̀ọ́ lè há a sórí kíákíá, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹgbàá ọdún ló gba àwọn onímọ̀ kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀ báyìí. Kì í ṣe pé wọn kò lóye. Ojú ló ń tàn wọ́n jẹ, nítorí kò sí ohun kan lórí ilẹ̀ tí a tì lẹ́ẹ̀kan tí kò padà dúró.

Aristotle, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìkì tó gbé ayé láti ọdún 384 sí 322 ṣáájú ìbí Krístì, gba ohun tí ojú rí yìí gbọ́. Ẹrù tí a ń wọ́ á dúró bí a bá ti jáwọ́, nítorí náà ó kọ́ni pé ohun tó bá ń rìn gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń tì í. Ọfà ni kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà fìdí múlẹ̀, torí pé bó bá ti kúrò lára ọrun, kí ló tún kù tó ń tì í? Aristotle dáhùn pé afẹ́fẹ́ tó yí i ká ni.

Ní ọ̀rúndún kẹfà, John Philoponus ti ìlú Alexandria ta ko ìdáhùn yìí: bó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni, à bá kàn máa rú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn òkúta, kí òkúta sì máa fò lọ. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ju nǹkan ló fi agbára sínú rẹ̀. Ibn Sina, ọmọ ilẹ̀ Páṣíà tó kú ní ọdún 1037, fi kún un pé ohun tí a fi sínú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í tán fúnra rẹ̀ bí kò bá sí ohun tó dí i lọ́nà. Ẹ̀rí tó wù mí jù lọ ni ti Jean Buridan, olùkọ́ ní Yunifásítì Paris ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ó ní kí a wo òkúta róbótó tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń yí láti fi pọ́n irin: ó ń yí lọ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti fi í sílẹ̀, síbẹ̀ kò kúrò lójú kan débi tí afẹ́fẹ́ yóò fi wọlé sẹ́yìn rẹ̀ láti máa tì í. Bí a tilẹ̀ fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má lè kàn án, yóò ṣì máa yí.

Galileo Galilei, ọmọ Ítálì, ló yí ìbéèrè náà padà. Dípò kí ó béèrè ohun tó ń mú nǹkan lọ, ó béèrè ohun tó ń dá a dúró. Ó gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró sórí pákó gígùn, ó fi awọ dídán tẹ́ ẹ kí ìfarakanra lè dín kù, ó gbé pákó náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì ń yí bọ́ọ̀lù idẹ wálẹ̀ lórí rẹ̀. Omi tó ń ṣàn láti ojú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi ń wọn àkókò, bó bá sì ti gbé omi náà lé ìwọ̀n, ó ti mọ bí àkókò náà ṣe gùn tó. Ó rí i pé bí àkókò bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù rìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ó wá ronú síwájú: bọ́ọ̀lù tó sọ̀ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó sì gun òmíràn máa ń fẹ́ dé ibi gíga tó ti bẹ̀rẹ̀, bí èkejì bá rẹlẹ̀ sí i, yóò rìn jìnnà sí i, bó bá wá tẹ́jú pátápátá ńkọ́, tí ohunkóhun kò sì dí i? Kò ní dúró mọ́. Inú ilé tí Ìjọ Kátólíìkì sé e mọ́ ló ti parí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìlú Leiden ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1638. Àléébù kan ṣoṣo ló kù: ilẹ̀ títẹ́jú tó ní lọ́kàn ń tẹ̀ lé yíyípo ayé, nítorí náà ìrìn tí kò lópin náà kì í ṣe tààrà. René Descartes, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ ọ́ ní ọdún 1644 pé ìlà tààrà ni.

Isaac Newton, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi í ṣe èkíní nínú òfin mẹ́ta tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìwé ńlá rẹ̀ ní ọdún 1687, ó sì gbà pé Galileo ti mọ méjì àkọ́kọ́. (Díẹ̀ ló kù kí ìwé náà má jáde, nítorí pé Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ná owó rẹ̀ sórí ìwé kan nípa ẹja, Edmond Halley, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ló san owó títẹ̀ ẹ́ láti inú àpò ara rẹ̀.) Ohun tó jẹ́ tuntun lọ́wọ́ Newton ni pé òfin kan náà ló fi ṣàlàyé òkúta tí a jù àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀run. Bí a ṣe ń kọ òfin kejì nílé ẹ̀kọ́ lónìí, pé ipá dọ́gba pẹ̀lú ìwọ̀n ohun náà tí a sọ di púpọ̀ nípa ìyípadà eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló ti wá, ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ní ọdún 1948 ni ìpàdé àgbáyé lórí ìwọ̀n fọwọ́ sí orúkọ Newton fún òṣùwọ̀n ipá: niútìnnì 1 ni ipá tó lè fi mítà 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kún eré ohun tó jẹ́ kílógíráàmù 1, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.