Bí Ọpọlọ Ṣe Ń Yan Èyí tí Ojú Yóò Rí

Ohun tí ẹyinjú ń gbà wọlé pọ̀ ju ohun tí ọpọlọ lè yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Okùn iṣan tó so ojú kan ṣoṣo mọ́ ọpọlọ ní fọ́nrán bíi mílíọ̀nù kan nínú, síbẹ̀ díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ ni ẹni tó ń wòran máa ń mọ̀ pé òun rí. Inú ìpele tó bo ọpọlọ lóde, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kọ́tẹ́ẹ̀sì, ni púpọ̀ nínú àṣàyàn yìí ti ń wáyé.

Apá ìpàkọ́ ni iṣẹ́ tí ojú ń rán kọ́kọ́ ń dé sí nínú kọ́tẹ́ẹ̀sì, ní àgbègbè tí wọ́n ń pè ní V1. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní sàkání kékeré tó ń ṣọ́ nínú ohun tó wà níwájú ojú. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń kúrò ní V1, tó ń gba àwọn àgbègbè V2 àti V4 kọjá, títí dé apá ẹ̀bátí níbi tí ọpọlọ ti ń dá nǹkan mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni sàkání sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń gbòòrò sí i. Nǹkan méjì tàbí mẹ́ta lè wá bọ́ sí sàkání sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, wọn a sì máa du sẹ́ẹ̀lì náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ, Jeffrey Moran àti Robert Desimone, fi hàn ní 1985 bí ìdíje náà ṣe ń parí. Wọ́n kọ́ ọ̀bọ láti tẹjú mọ́ àmì kan láìgbé ojú kúrò, wọ́n sì gbé nǹkan méjì sí sàkání sẹ́ẹ̀lì V4 kan: ọ̀kan jẹ́ irú èyí tó máa ń ru sẹ́ẹ̀lì náà sókè, èkejì kò já mọ́ nǹkan fún un. Bí ọ̀bọ bá fi ọkàn sí àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀lì náà a fèsì kíkankíkan. Bó bá fi ọkàn sí èkejì, ìfèsì rẹ̀ a lọ sílẹ̀ gidigidi, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà níwájú ojú kò yí padà rárá. Àbájáde yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí ó fi hàn pé àfiyèsí, ìyẹn fífi ọkàn sí nǹkan, kì í dúró dìgbà tí ọpọlọ bá ríran tán kó tó dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà mìíràn, ohun náà fúnra rẹ̀ ló ń fa ojú, pàápàá bó bá ṣàdédé mira. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń wòran ló pinnu, apá iwájú orí àti apá àtàrí ni àṣẹ ti ń wá. Ní 2003, Tirin Moore àti Katherine Armstrong fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ibi tó ń darí yíyí ojú ní apá iwájú ọpọlọ ọ̀bọ. Iná náà kò tó láti yí ojú, síbẹ̀ ìfèsì àwọn sẹ́ẹ̀lì V4 tó ń ṣọ́ ibi tí ojú ì bá yí sí le sí i.

Kì í ṣe líle ìfèsì nìkan ló ń yí padà. Marlene Cohen àti John Maunsell rí i ní 2009 pé àfiyèsí tún ń dín àṣìṣe tí àwọn sẹ́ẹ̀lì jọ ń ṣe pọ̀ kù. Bí ẹlẹ́rìí mẹ́wàá bá gbọ́ àhesọ kan náà lẹ́nu ẹnì kan, ẹ̀rí wọn kò ju ti ẹnì kan lọ. Nígbà tí àṣìṣe sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bá dá dúró ni àpapọ̀ ẹ̀rí wọn tó lágbára.

Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá ba apá àtàrí jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún ọpọlọ, aláìsàn lè má ka apá òsì sí mọ́, kó jẹ oúnjẹ apá ọ̀tún àwo kó sì fi ìyókù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kò fọ́. Edoardo Bisiach àti Claudio Luzzatti ní kí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní Milan, ní Ítálì, fojú inú wo gbàgede ńlá ìlú wọn bí ẹni tó kọjú sí kàtídírà, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà níbẹ̀. Àwọn ilé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń dárúkọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí náà ní kí wọ́n fojú inú dúró níbi kàtídírà kí wọ́n kẹ̀yìn sí i, àwọn ilé tí wọ́n ti fò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń kà, wọ́n sì fo ti àkọ́kọ́. Ìrántí wọn pé. Ohun tó sọnù ni agbára láti fi ọkàn sí ìhà kan. Ìdí nìyí tí àwọn olùtọ́jú fi ń kọ́ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ láti máa mọ̀ọ́mọ̀ yíjú sí òsì, kí ìpinnu lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí àfiyèsí kò ṣe fúnra rẹ̀ mọ́.