Wọ́n ní tísà pámárì ò nílò ìwé púpọ̀, irọ́ ni o

Ẹ ò mọ iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ, níbi ìnáwó, nínú ọkọ̀, kódà lẹ́nu òbí tó wá mú ọmọ ẹ̀: "ṣebí ABD àti ení-èjì lẹ fi ń kọ́ wọn, kí ni tísà pámárì tún ń kàwé ṣe?" Èyí tó wá dùn mí jù ni pé àwa tísà gan-an gbà á gbọ́. Ẹlòmíì gba NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tísà, tán, ó ní òun ti parí nìyẹn, lesson note ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ń dà kọ títí dòní, déètì nìkan ló ń yí. Níléèwé míì sì rèé, tísà tí wọ́n bá rò pé orí ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pé ni wọ́n máa jù sí pámárì wọ́ọ̀nù, èyí tó gbóná á lọ sí pámárì síìsì nítorí kọ́mọ́ọ̀n ẹ́ńtíránsì.

Ẹ jẹ́ n fi ìṣirò kan ṣàlàyé. 52 yọ 17. Ọmọdébìnrin kan ní pámárì tíírì mi kọ 45, mo fi bírò pupa fa X sí i. Nígbà tó yá, 91 yọ 36, ó kọ 65, mo tún fa X, mo ní kó lọ ṣe kọ̀rẹ́ṣọ̀n, ó da ìdáhùn ojú bọ́ọ̀dù kọ, a bá tiwa lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ń fa X kí n tó bi í pé báwo lo ṣe ń ṣe é gan-an. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ní ká máa yọ kékeré kúrò nínú ńlá, mo yọ 2 kúrò nínú 7, ó ku 5, mo yọ 1 kúrò nínú 5, ó ku 4." Ara mi bù máṣọ. Ọmọ yẹn ò ya òmùgọ̀, òfin tí mo fún un ló ń tẹ̀ lé, tọkàntọkàn!

Ẹni tó mọ ìdáhùn sí 52 yọ 17 pọ̀ lọ́jà, ìyá tó ń ta wóróbo á sọ ọ́ fún ẹ kó o tó mí. Iṣẹ́ tísà ni kó mọ ọ̀nà tí ọmọ gbà dé 45, kó sì mọ ọ̀nà bíi mẹ́ta tó lè gbà mú un kúrò níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ gbogbo ìyẹn tán lọ́jọ́ tó gba sátífíkéètì. 

Mo lọ bá HM wa, ọ̀gá iléèwé, ìyá tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Mo rò pé á bá mi wí, ó ní òun náà ò mọ bí òun ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ kó yé ọmọ, ká jọ lọ jókòó sí kíláàsì tísà kan tó kéré sí àwa méjèèjì. HM o! Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ọmọdé, ó mú bírò, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Orúkọ nọ́ńbà ní Yorùbá ni tísà yẹn ń lò: mẹ́tàdínlógún, ogún tó dín mẹ́ta. Yọ 20 kúrò nínú 52, ó ku 32, 3 tó o yọ lé, dá a padà, ó di 35. Àwọn ọmọ ti ń ṣe ìyọkúrò lẹ́nu látilé, àwa la ò rántí lò ó. Látọjọ́ yẹn ni tísà iléèwé wa ti ń lè sọ ọ́ ní gbangba pé "ibí yìí ò yé mi o". Mo ti bá HM tí gbogbo èèyàn ń sá fún ṣiṣẹ́ rí, ohun tá ò bá mọ̀, ṣe la máa ń fi pamọ́, ọmọ ló ń jìyà ẹ̀.

Ẹ wo Modákẹ́kẹ́, ní St. Stephen's "A", níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn èèyàn ẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò wọn ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì wá dá dúró bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì tiẹ̀. A máa ń sọ pé àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa, pé Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì ṣubú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi máa ń ro tàwọn tísà wọn, tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ kọ́ látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tuntun àti ọ̀rọ̀ tuntun.

NCE náà, ìwé tó kéré jù tí tísà gbọ́dọ̀ ní ni ìjọba pè é, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, tó kéré jù. NTI, iléèwé ìjọba tó ń kọ́ tísà, tó wà ní Kàdúná láti 1976, torí kí tísà lè máa kàwé láì fi kíláàsì sílẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé owó oṣù ò tó, mo mọ̀ pé àpò ara wa la fi ń lọ sẹminá, ìyẹn dùn mí gan-an. Bẹ́ńṣì ẹ̀yìn kíláàsì ẹlẹgbẹ́ wa ò gbowó lọ́wọ́ ẹnì kankan ṣá.

Nígbà tí mo padà sí kíláàsì, mo sọ fún ọmọ yẹn lójú gbogbo wọn pé èmi ni mo ṣì í kọ́. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ṣí ìwé ẹ̀ padà sí 91 yọ 36, ó ń sọ ọ́ sábẹ́ ẹnu: mẹ́rìndínlógójì, ogójì tó dín mẹ́rin, yọ 40, ó ku 51, dá 4 padà. Ó fi rọ́bà pa 65 rẹ́, ó kọ 55.