Bí Ìpolongo lórí HIV àti Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Ṣe Ń Wáyé ní Àdúgbò

Iṣẹ́ méjì ni ìpolongo lórí kòkòrò HIV ń ṣe ní àdúgbò, yálà ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá tí gbogbo àgbáyé ti ń yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àrùn éèdì láti ọdún 1988, tàbí ní ọjọ́ mìíràn tí ó bá ará ìlú lára mu. Ó ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ ipò tí ẹ̀jẹ̀ wọn wà, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn ẹni tí kòkòrò náà wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí gbohùngbohùn nìkan: ibi tí wọ́n pa àtíbàbà sí, bí wọ́n ṣe to àga, àti ẹni tí ìwé àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń fi hàn bóyá wọ́n pa ẹ̀tọ́ náà mọ́ tàbí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni àwọn olùṣètò ti ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó lọ bá Ìyálọ́jà, àwọn olórí ẹgbẹ́ awakọ̀, ìmáàmù àti pásítọ̀, nítorí pé bí àwọn wọ̀nyí kò bá dá sí i, ìwọ̀nba ènìyàn ni yóò jáde. Ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ àti àjọ ìpínlẹ̀ tí ó ń gbógun ti éèdì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní LSACA ní Èkó, ni a máa ń bá sọ̀rọ̀ nípa ohun èlò àyẹ̀wò àti àwọn olùgbaninímọ̀ràn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ náà. Láti ìpàdé àkọ́kọ́ ni ó sì tọ́ kí àwọn tí kòkòrò náà wà lára wọn ti jókòó láàárín olùṣètò, kí ó má jẹ́ pé ọjọ́ ètò gan-an ni a ó ránṣẹ́ pè wọ́n láti wá ròyìn ìyà tí ó jẹ wọ́n.

Ibi àyẹ̀wò ni ó gba ìrònú jù lọ. Bí a bá kọ HIV gàdàgbà sí ara àtíbàbà kan ṣoṣo, gbogbo ojú ọjà ni yóò máa wo ẹni tí ó wọlé. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi ń pa àyẹ̀wò HIV pọ̀ mọ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, tí ilẹ̀kùn ìwọlé yàtọ̀ sí ti ìjáde. Olùgbaninímọ̀ràn yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé, yóò sì gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó gún ìka. Ẹni tí ó bá kọ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Àbájáde àkọ́kọ́ kì í pé ìṣẹ́jú 30, ṣùgbọ́n bí ó bá fi kòkòrò hàn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi oríṣi ohun èlò mìíràn tún un yẹ̀ wò kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n tún sọ fún àwọn ènìyàn pé kòkòrò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara lè má hàn nínú àyẹ̀wò fún nǹkan bí oṣù 3. Nǹkan kan wà tí ó dà bí ohun kékeré: iye àkókò tí olùgbaninímọ̀ràn ń lò pẹ̀lú oníkálukú gbọ́dọ̀ sún mọ́ra, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó ń dúró níta yóò ti mọ èsì láti inú bí ẹnìkan ṣe pẹ́ tó.

Ọ̀rọ̀ òfin náà kò gbọdọ̀ dúró sí orí àsọyé gbọọrọ. Òfin ọdún 2014 tí ó de ìdẹ́yẹsí nítorí HIV ní Nàìjíríà kò gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti sọ àyẹ̀wò HIV di àṣẹ kí ó tó gba ènìyàn síṣẹ́, kò sì fàyè gba títú àṣírí ẹni tí kòkòrò náà wà lára rẹ̀. Àpẹẹrẹ ilé ẹjọ́ ni ó máa ń yé ènìyàn jù. Ilé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà dájọ́ ní ọdún 2012 pé kí wọ́n san mílíọ̀nù 7 náírà fún òṣìṣẹ́ ìlera kan tí ilé ìwòsàn lé lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1995 nítorí HIV, tí wọ́n sì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ọdún 17 ni obìnrin náà fi dúró de ẹ̀tọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ará ìlú nílò ibi tí yóò gbé ẹjọ́ lọ, nítorí náà ó dára kí òṣìṣẹ́ Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀ tàbí agbẹjọ́rò tí kì í gba owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú tábìlì tirẹ̀.

Ẹni tí kòkòrò náà wà lára rẹ̀ tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní gbangba ń la ojú ènìyàn ju ìwé ìléwọ́ lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó ni ìpinnu náà, òun ni yóò sì sọ bóyá wọ́n lè ya àwòrán rẹ̀. Nígbà tí Fela Aníkúlápó-Kútì kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, ni ó fúnra rẹ̀ kéde pé éèdì ló fa ikú náà. Ẹbí ni ó pinnu, kì í ṣe aládùúgbò. Àsọyé tí ó ń dẹ́rù bani, tí ó kún fún àwòrán egungun àti òkú, ń lé ènìyàn sá ni. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ni pé ẹni tí ó ń lo oògùn déédéé, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò ní kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń ní ìbálòpọ̀, àti pé aláboyún tí ó ń lo oògùn lè bí ọmọ tí kò ní HIV.

Kí ọjọ́ náà tó parí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti gba iṣẹ́ láti máa tẹ̀ lé gbogbo ẹni tí àyẹ̀wò fi kòkòrò hàn lára rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, níbi tí oògùn náà ti jẹ́ ọ̀fẹ́, bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ ń wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Kì í bá olùṣètò lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù kan, olùṣètò yóò padà lọ bèèrè nǹkan méjì: mélòó nínú wọn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, àti ṣé ẹnikẹ́ni ti fẹjọ́ sùn pé àṣírí òun jáde ní ibi ètò náà. Iye èrò tí ó jókòó lábẹ́ àtíbàbà kò lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì.