Ohun tí kò jẹ́ kí òrùka Sátúrnù di òṣùpá

Bí a bá wo àwòrán Sátúrnù, ńṣe ni òrùka rẹ̀ dà bí àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi há a lọ́rùn. Àwo kọ́ o. Àìmọye ègé yìnyín ni: òmíràn kéré bí eruku, òmíràn tó àgbọn, òmíràn tó ilé. Oníkálukú ló ń yí Sátúrnù po ní ọ̀nà tirẹ̀, bí òṣùpá ṣe ń yí ayé po. Ní 1859, James Clerk Maxwell fi ìṣirò hàn pé bó bá jẹ́ odindi ni òrùka náà, ì bá ti fọ́ túútúú. Ní 1895, James Keeler yẹ ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ wá wò, ó sì rí i pé àwọn ègé inú ń sáré ju ti òde lọ. Nǹkan odindi kì í ṣe bẹ́ẹ̀: etí táyà ló máa ń sáré ju àárín rẹ̀ lọ.

Kí ló wá dé tí yìnyín yìí kò gbára jọ kó di òṣùpá kan ṣoṣo? Agbára òòfà Sátúrnù ni kò gbà fún un. Òòfà máa ń dín kù bí nǹkan bá ṣe ń jìnnà, nítorí náà apá òṣùpá tó kọjú sí plánẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ ìfà jù, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀. Lókèèrè, ìyàtọ̀ yìí kò tó nǹkan. Òòfà òṣùpá fúnra rẹ̀ á so ó pọ̀. Bó bá sún mọ́ jù, á ya bí aṣọ tí èèyàn méjì ń jà sí. Édouard Roche, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣírò ààlà náà ní 1848. Inú rẹ̀ ni òrùka ńlá Sátúrnù wà. Àwọn òṣùpá ńlá wà lóde.

Òrùka yìí fẹ̀ tó nǹkan bí 280,000 kìlómítà láti etí dé etí, ìyẹn bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀nà tó wà láàárín ayé àti òṣùpá wa. Síbẹ̀, níbi púpọ̀, nínípọn rẹ̀ kò ju bí mítà 10 lọ. Kíkọlura ló sọ ọ́ di fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ègé tí ọ̀nà rẹ̀ bá dagun gbọ́dọ̀ la àárín àwọn yòókù kọjá lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Á máa kọlù wọ́n títí ìlọsókè-sódò rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Abájọ tó fi pòórá mọ́ Galileo lójú ní 1612, nígbà tí etí fẹ́lẹ́ náà kọjú sí ayé. Bẹ́ẹ̀ náà ló tún ṣe ní oṣù kẹta ọdún 2025.

Àwọn òṣùpá náà kò jókòó lásán. Ní 1675, Giovanni Cassini rí àlàfo dúdú kan nínú òrùka náà, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 4,800 kìlómítà. Mimas, òṣùpá kékeré kan tó wà lóde, ló pààlà síbẹ̀. Yìnyín tó wà létí inú àlàfo náà máa ń yí po lẹ́ẹ̀mejì kí Mimas tó yí po lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ojú kan náà ni òòfà Mimas ti ń bá a. Ẹni tó bá ti gun jangirọ́fà rí mọ̀ ọ́n: títì kékeré, bó bá ti bọ́ sásìkò ní gbogbo ìgbà, á gbéni sókè réré.

Ti Pan ló dojú rú jù. Òṣùpá tí kò ju bí 28 kìlómítà lọ yìí ń gbé inú òrùka gan-an, ó sì gbá ọ̀nà tó fẹ̀ tó 325 kìlómítà mọ́ fún ara rẹ̀. Èèyàn á rò pé òòfà rẹ̀ á fa yìnyín mọ́ra, àmọ́ lílé ló ń lé wọn. Àwọn tó wà lápá inú yára ju Pan lọ. Bí wọ́n bá ti yọ síwájú rẹ̀, á fà wọ́n sẹ́yìn díẹ̀, agbára ìyípo wọn á dín, wọ́n á sún wọlé sọ́dọ̀ Sátúrnù. Àwọn tòde ń wọ́ ní tiwọn. Bí Pan bá ti kọjá lára wọn, á fà wọ́n tẹ̀lé ara rẹ̀, wọ́n á rí agbára kún agbára, wọ́n á sì sún síta. Etí àlàfo náà, tó ń jà bí ìgbì omi, ló tú Pan fó. Mark Showalter wá a rí ní 1990, nínú àwòrán tí ọkọ̀ òfurufú Voyager 2 ti yà láti 1981.

Òṣùpá míì tiẹ̀ ń bọ́ òrùka. Enceladus lorúkọ rẹ̀. Dione, òṣùpá Sátúrnù míì, kì í jẹ́ kí ọ̀nà Enceladus rí róbótó, nítorí náà Sátúrnù ń fún Enceladus, ó ń tú u, ó ń fún un, ó ń tú u. Ìfúnra yìí ń mú inú rẹ̀ gbóná, omi wà lábẹ́ yìnyín rẹ̀, ó sì ń tú jáde láti ojú sísán ní ìsàlẹ̀ gúúsù rẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú Cassini rí i ní 2005. Omi náà ń dì, òun ló sì di òrùka E, ọ̀kan lára àwọn òrùka Sátúrnù.

Lọ́dọ̀ plánẹ́ẹ̀tì Neptune, òṣùpá rẹ̀ tó ń jẹ́ Triton ń yí lódìkejì sí bí plánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe ń yí, ìyẹn sì ń fà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò fi hàn pé á dé ààlà Roche, níbi tí òṣùpá ti ń ya, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.6 ọdún sí ìsinsìnyí. Triton sì wúwo ju gbogbo òrùka Sátúrnù lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000.