Bí Òjé Ṣe Wọ Epo Ọkọ̀ Òfuurufú àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Yọ Ọ́

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1921, ní ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio, Thomas Midgley, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mọ́tò General Motors, bu èròjà olójèé díẹ̀ sínú epo bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì tí ó ti ń kan gbà-gbà-gbà sì dákẹ́. Ohun tí ó ń fa ariwo náà ni pé epo tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń bú gbàmù fúnra rẹ̀. Bí ó bá ba ẹ́ńjìnnì mọ́tò jẹ́, awakọ̀ á yà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀gbẹ́ títì lójú òfuurufú.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ pé oró ni òjé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1924, ó pa àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ epo Bayway ní New Jersey, Midgley fúnra rẹ̀ sì ti ṣàìsàn oró òjé ṣáájú ìgbà yẹn. Síbẹ̀, agbára tí epo olójèé fún àwọn ọkọ̀ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1940 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ṣinṣin.

Ní àwọn ọdún 1970 ni 100LL dé, epo ọkọ̀ òfuurufú aláwọ̀ aró tí LL inú orúkọ rẹ̀ (low lead) ń sọ pé òjé inú rẹ̀ kéré. Ó kéré ju ti ìṣáájú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè tó gíráàmù 0.56 nínú lítà kan. Amẹ́ríkà fòfin de òjé nínú epo mọ́tò láti ọdún 1996, ó sì fi ti ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké sílẹ̀. (Àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń gbé èrò láti Èkó lọ sí London kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, irú kẹrosíìnì kan ni tiwọn.)

Ilé-iṣẹ́ Hjelmco ní Sweden ti gbé epo 91/96 tí kò ní òjé jáde láti ọdún 1991, ó sì tó ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì lò. Ìṣòro ni pé àwọn ẹ́ńjìnnì alágbára tí kò lè lò ó, bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀, ni wọ́n ń jó èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo àwọn ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké. Nítorí wọn ni ilé-iṣẹ́ GAMI ní ìlú Ada ní Oklahoma ṣe ṣiṣẹ́ lórí epo aláìlójèé G100UL fún ọdún mẹ́wàá ó lé, kí FAA, àjọ tí ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, tó fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Síbẹ̀, yíyọ òjé kúrò kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà: ní ọdún 2023, Yunifásítì North Dakota bẹ̀rẹ̀ sí lo epo mìíràn tí kò ní òjé, UL94, wọ́n rí i pé ibi tí fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnnì) ń jókòó sí ń jẹ, wọ́n sì padà sí 100LL láàárín oṣù díẹ̀.

Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2024 wá pàṣẹ pé pápákọ̀ òfuurufú tí ó ti ń ta 100LL kò gbọdọ̀ dá a dúró títí di òpin ọdún 2030, àfi bí epo aláìlójèé tí ó lè rọ́pò rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀.