Èéwo Inú Ẹ̀dọ̀: Èyí Tó Ń Ṣe Àgbà Kì Í Pariwo

Tí èéwo bá so sínú ẹ̀dọ̀ ọmọ ọgbọ̀n ọdún, gbogbo ilé ló máa mọ̀. Ara rẹ̀ á gbóná janjan, òtútù á mú un, á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, abẹ́ ìhà ọ̀tún á sì máa dùn ún débi pé kò ní lè mí kanlẹ̀. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ kò wù ú mọ́, oorun ṣáá ló ń sùn, tàbí kó máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu. Àwọn ọmọ á ní àgbà ló dé, bàbá ti ń ṣarán. Ẹ jọ̀ọ́, arán kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kó gbilẹ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Ara àgbà kì í tètè gbóná bíi ti ọ̀dọ́. Parasitamọ́ọ̀ tí màmá ń lò sí orúnkún tún lè bo ìwọ̀nba ibà tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí tẹmómítà bá sọ 37.8 fún arúgbó tí kò jẹun dáadáa láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ má fojú kékeré wò ó.

Bakitéríà, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí, lè fa èéwo yìí, ibi tó sì gbà wọlé náà yàtọ̀ láàárín àgbà àti ọ̀dọ́. Nígbà tí àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ, Ochsner àti DeBakey, kọ ìwádìí wọn jáde ní Amẹ́ríkà ní 1938, apẹ́ńdíìsì (ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tó so mọ́ ìfun ńlá) tó wú tàbí tó bẹ́, èyí tó ń ṣe ọ̀dọ́ jù, ló wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Lóde òní, ọ̀nà òróòro ló wọ́pọ̀ jù, pàápàá lára àgbà. Òkúta tàbí jẹjẹrẹ á dí i, òróòro á dúró sójú kan bí omi adágún, bakitéríà á sì gòkè wá láti inú ìfun. Lára ọ̀dọ́, a lè wá orísun rẹ̀ títí ká má rí i. Àtọ̀gbẹ náà máa ń ṣílẹ̀kùn fún èéwo yìí, òun ní tirẹ̀ kì í wo ọjọ́ orí.

Èyí tí amíbà, kòkòrò àìfojúrí mìíràn, ń fà tún wà, àwọn ọkùnrin tí kò tíì darúgbó ló sì máa ń mú jù. Fílájìlì sábà máa ń ká a. Àmọ́ tó bá jẹ́ ti bakitéríà, Fílájìlì nìkan kò lè kápá rẹ̀, nítorí náà ẹ má kàn lọ rà á ní kẹ́míìsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ikùn, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná.

Abẹ́rẹ́ tàbí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń fa ọyún rẹ̀ jáde, oògùn apakòkòrò á sì tẹ̀ lé e, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ má ṣe sọ pé bàbá ti dàgbà jù fún un. Ọ̀pọ̀ arúgbó ló ń gbádùn lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè pẹ́ ní ọsibítù ju ọ̀dọ́ lọ. Kíndìnrín wọn la máa ń ṣọ́ ká tó díwọ̀n oògùn, nítorí náà ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò nílé dání. Tí ara bá yá tán, dókítà lè ní kí wọ́n yẹ ìfun ńlá wò, torí jẹjẹrẹ tó fara pamọ́ síbẹ̀ lè jẹ́ ọ̀nà tí bakitéríà gbà dé ẹ̀dọ̀.