URL tó mọ́ nínú áàpù Java

URL tó mọ́ ni àdírẹ́ẹ̀sì wẹ́ẹ̀bù téèyàn kàn máa kà tó sì máa mọ ohun tó máa bá níbẹ̀. /iwe/irin-ajo-osupa yé èèyàn ju /fihan.jsp?id=482&iru=3 lọ, àti pé tí wọ́n bá pa JSP (fáìlì Java tó ń gbé ojú ewé wẹ́ẹ̀bù jáde) tì lọ́la, àdírẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ yẹn á ṣì máa ṣiṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ servlet, ìyẹn kóòdù Java tó ń gba ohun tí bùráwúsà béèrè tó sì ń dá a lóhùn, ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ /iwe/* sínú web.xml (fáìlì ètò áàpù náà), tàbí kí wọ́n lo àmì @WebServlet nínú kóòdù, èyí tó dé pẹ̀lú Servlet 3.0 lọ́dún 2009, gbogbo ohun tó bá wá sábẹ́ /iwe/ á wá bọ́ sọ́wọ́ servlet yẹn, getPathInfo() á gbé /irin-ajo-osupa tó ṣẹ́kù fún un, á fi wá ìwé náà nínú database, á sì forward ẹ̀, ìyẹn ni pé á gbé e fún JSP tó wà nínú WEB-INF, fódà tí bùráwúsà ò lè ṣí ní tààràtà. Inú sáfà ni forward ti ń ṣẹlẹ̀, bùráwúsà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àdírẹ́ẹ̀sì ò fi yí padà. sendRedirect ní tiẹ̀ máa ń ní kí bùráwúsà lọ síbòmíì, 302 (kóòdù tó ń sọ pé ó kó lọ fúngbà díẹ̀) ló sì máa ń fi ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ URL àtijọ́ tó ti kó lọ pátápátá, 301 ló tọ́ sí i.

Ibi tó ti ń dààmú èèyàn jù ni /*. Tí wọ́n bá fún servlet ní /*, JSP tó fẹ́ forward sí gan-an á tún padà wá bá a, á máa yí lórí ara ẹ̀ títí StackOverflowError (àṣìṣe tó ń wáyé tí kóòdù bá ń pe ara ẹ̀ láìdúró) á fi dé. Àmì / nìkan ò kan JSP, àmọ́ ó ń gba ipò default servlet tó ń gbé fáìlì lásán jáde, fọ́tò àti CSS (fáìlì tó ń ṣe ojú ewé lọ́ṣọ̀ọ́) ò ní jáde mọ́ àfi tí wọ́n bá ṣètò wọn lọ́tọ̀. CSS tún lè sọnù torí ìlà css/ara.css lásán, torí abẹ́ /iwe/ ni bùráwúsà á ti lọ máa wá a. Ohun tí getContextPath() bá mú wá, ìyẹn ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì áàpù náà ti bẹ̀rẹ̀, ló yẹ kó ṣáájú ẹ̀.

Àwọn irinṣẹ́ Java míì ní ohun tó ń mú apá kan URL jáde fúnra wọn: Spring MVC ní @PathVariable láti ẹ̀dà 3.0, JAX-RS náà ní @PathParam. Áàpù àtijọ́ tí wọn ò fẹ́ tú palẹ̀ lè lo UrlRewriteFilter, tó ń ṣe bíi mod_rewrite ti sáfà Apache, ìyẹn ni pé ó ń tún URL kọ, inú urlrewrite.xml ni òfin ẹ̀ máa ń wà.

Tí ;jsessionid (nọ́ńbà tí sáfà fi ń dá ẹni tó ń lo áàpù mọ̀) bá ṣì ń yọjú nínú URL lẹ́yìn gbogbo èyí, kí wọ́n kọ COOKIE sí tracking-mode nínú web.xml, kó lè máa gba inú kúkì lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan o, ẹni tó bá rí nọ́ńbà yẹn gbà lè fi wọlé bí ẹni tó ni ín.